São Tomé: Epo rọ̀bì tí wọ́n ń retí kò wá, kòkó tí wọ́n ti fẹ́ pa tì ló ṣì wà lọ́wọ́ wọn

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù keje, ọdún 2003 ni. Ààrẹ orílẹ̀-èdè São Tomé àti Príncipe, Fradique de Menezes, wà l'Abuja níbí, àlejò ló wá ṣe, nígbà tí ìròyìn kàn án lára pé àwọn ṣọ́jà ti gbàjọba lẹ́yìn òun. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀, lọ́jọ́ kẹtàlélógún oṣù náà, ọkùnrin náà padà sílé, ó sì padà sórí àga rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ló sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù. Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ló sìn ín délé.

Kí ló kan Ọbásanjọ́ nínú wàhálà erékùṣù kékeré tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè fọwọ́ tọ́ka sí lórí máàpù? Òótọ́ ni pé àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfipágbàjọba sétí mọ́ lásìkò náà. Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa, epo rọ̀bì wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ọdún méjì ṣáájú ni Nàìjíríà àti São Tomé ti jọ tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn yóò jọ máa wa epo tó bá wà nínú òkun tó wà láàárín àwọn. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Owó tí wọ́n ń retí nígbà yẹn kò tíì dé. Ohun tí wọ́n ṣì ń gbé lọ sọ́jà àgbáyé, ohun tí àwa náà ní nínú oko nílẹ̀ Yorùbá ni, ọ̀dọ̀ wọn gan-an ló sì gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká mọ ìlú náà.

Bí ẹyẹ bá gbéra l'Ékòó, tó gba orí òkun tààrà, kò ní í fò tó 800 kìlómítà tí yóò fi bà sí São Tomé. Láti Èkó sí Kánò jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aládùúgbò wa gan-an ni wọ́n, omi ló kàn wà láàárín. Erékùṣù méjì ló para pọ̀ di orílẹ̀-èdè náà, pẹ̀lú àwọn kéékèèké mélòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. São Tomé ni ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ ni olú-ìlú wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn èèyàn ń gbé. Príncipe ni àbúrò, ó wà ní ìhà àríwá, bíi 150 kìlómítà síra wọn, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì tó 10,000. Bí a bá pa ilẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó jẹ́ bíi 1,000 kìlómítà níbùú lóòró. Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a ń sọ pé ó kéré jù ní Nàìjíríà, ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba àti díẹ̀ lọ. Ẹ kó gbogbo wọn sí Mushin, àyè á ṣì kù.

Òkè tó ń pọ iná ló bí àwọn erékùṣù náà. Orí ìlà kan náà ni wọ́n tò sí pẹ̀lú òkè Cameroon àti Bioko, èyí tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí Fernando Po. Iná ti kú lára tiwọn tipẹ́, ilẹ̀ ọlọ́ràá ló fi sílẹ̀ fún wọn. Òkè tó ga jù níbẹ̀, Pico de São Tomé, ga tó 2,024 mítà, ó ju ìlọ́po méjì òkè Ìdànrè lọ. Òmíràn tún wà ní gúúsù tí wọ́n ń pè ní Pico Cão Grande, ìyẹn Òkè Ajá Ńlá. Ẹni tó bá rí fọ́tò rẹ̀ yóò rò pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi yà á. Òkúta kan ṣoṣo ni, ó dúró gangan láàárín igbó bí òpó, ó sì fi ju 300 mítà ga ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ.

Agbedeméjì ayé ni wọ́n jókòó lé. Ìlà tí àwọn onímọ̀ fi pín ayé sí òkè àti ìsàlẹ̀ gba orí erékùṣù kékeré kan kọjá ní gúúsù, Ilhéu das Rolas lorúkọ ẹ̀. Wọ́n ri òpó kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀, àlejò á gbé ẹsẹ̀ kan sí àríwá ayé, á gbé ìkejì sí gúúsù, wọ́n á ya fọ́tò. Ooru ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwa. Òjò ló yàtọ̀. Oṣù kẹwàá sí oṣù karùn-ún ni àsìkò òjò wọn, oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni ilẹ̀ ń gbẹ, wọ́n ń pe ìyẹn ní gravana. Ẹ rí i pé ìgbà tí omíyalé ń dààmú wa l'Ékòó gan-an ni tiwọn ń dáwọ́ dúró. Afẹ́fẹ́ tó ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn bọ̀ ló ń gbé òjò wá, bó bá sì ti kọ lu àwọn òkè gíga wọ̀nyẹn, ibẹ̀ náà ló ti máa da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òjò tó ń rọ̀ ní apá gúúsù-ìwọ̀-oòrùn fi lè kọjá 5,000 mìlímítà lọ́dún, tí apá àríwá-ìlà-oòrùn, nínú erékùṣù kan náà, kò fi rí ju bíi 1,000 lọ. Ẹni tó bá wakọ̀ fún wákàtí díẹ̀ yóò kúrò nínú igbó kìjikìji bọ́ sí pápá gbígbẹ tí igi oṣè wà. Òjò yẹn ló pín iṣẹ́ oko fún wọn: kọ̀fí lọ sókè níbi tó tutù, bíi Monte Café, kòkó gba ìsàlẹ̀ àti àárín.

Kò sẹ́ni tó ń gbé erékùṣù náà nígbà tí àwọn awakọ̀ òkun Potogí débẹ̀ ní nǹkan bíi 1470. Ẹrú ni wọ́n kó wá láti etíkun Áfíríkà láti máa gbin ìrèké. Ìlú náà fi ṣúgà lówó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, kí Bùràsíìlì tó gba ọjà náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Lọ́dún 1595, ẹrú kan tó ń jẹ́ Amador kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n dáná sun oko ìrèké àti ilé ìfúnrèké. Wọ́n pa á níkẹyìn, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrin oṣù kìn-ín-ní ọdọọdún ni wọ́n fi ń ṣe ìrántí rẹ̀ báyìí, wọ́n sì ń pè é ní ọba.

Kòkó dé láti Bùràsíìlì ní nǹkan bíi 1822, Príncipe ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín sí. Láti ibẹ̀ ló bọ́ sí São Tomé, lẹ́yìn náà Fernando Po, láti Fernando Po ló sì ti wọ etíkun wa. Olówò ńlá ará Èkó nì, J. P. L. Davies, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbìn ín nílẹ̀ wa, ní oko rẹ̀ lágbègbè Agége, ní nǹkan bíi 1880. Agége yìí ni àwọn àgbẹ̀ ti gbà á títí tó fi dé Ìbàdàn, Ilẹ̀ṣà àti Oǹdó. Àgbẹ̀ tó bá ń fi kòkó Oǹdó yangàn, kó rántí pé ẹ̀gbọ́n kòkó ọ̀hún wà ní Príncipe.

Ní nǹkan bí ọdún 1913, erékùṣù kékeré yìí ń kó bíi 36,000 tọ́ọ̀nù kòkó jáde, ó sì wà lára àwọn tó ga jù lágbàáyé. Ẹ má béèrè ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà. Wọ́n ti ní àwọn pa òwò ẹrú rẹ́, àmọ́ àwọn èèyàn tí wọ́n ń kó láti Àǹgólà lábẹ́ ohun tí wọ́n pè ní àdéhùn iṣẹ́ kì í padà sílé mọ́. Iléeṣẹ́ Cadbury ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ra apá ńlá nínú kòkó rẹ̀ níbẹ̀, ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti 1901. Ọdún 1909 ni wọ́n tó ṣíwọ́ rírà. Ìwé ìròyìn kan ní London bú wọn pé wọ́n mọ̀, wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n pe ìwé ìròyìn náà lẹ́jọ́, wọ́n sì jàre, ṣùgbọ́n owó ìtanràn tí ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n gbà kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin pẹ́nì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá mọ ìtumọ̀ ìdájọ́ mọ ohun tí wọ́n ń bá Cadbury sọ. Gold Coast, tó di Gáná lónìí, ni wọ́n wá kọjú sí.

Mo mẹ́nu ba gbogbo èyí nítorí pé òun ló ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn ọmọ erékùṣù náà kórìíra iṣẹ́ oko ńlá bí ẹni kórìíra ìgbẹ́, nítorí iṣẹ́ ẹrú ni lójú wọn. Lóṣù kejì, 1953, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìjọba Potogí fẹ́ fi tipátipá kó àwọn sínú oko, wọ́n fárígá, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìpakúpa Batepá ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí òmìnira dé lọ́jọ́ kejìlá, oṣù keje, 1975, àwọn Potogí sá lọ, ìjọba sì gba gbogbo oko ńláńlá náà. Kò sí ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ náà, kò sí òṣìṣẹ́ tó fẹ́ ṣe é, kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, wọ́n gé oko náà sí wẹ́wẹ́ fún àwọn ìdílé. Lónìí, iye tí wọ́n ń kó jáde lọ́dún kò fi bẹ́ẹ̀ ju bíi 3,000 tọ́ọ̀nù lọ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó nìkan ju ìyẹn lọ nílọ̀po nílọ̀po.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn epo. Lọ́dún 1997, ìjọba wọn bá iléeṣẹ́ kékeré kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ERHC, ṣe àdéhùn tó fún iléeṣẹ́ náà láǹfààní tó pọ̀ débi tí wọ́n fi ní láti tún un dúnàá-dúrà lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ní oṣù kejì, 2001 ni àdéhùn Abuja wáyé. Nàìjíríà àti São Tomé ló ń du apá kan náà nínú òkun. Dípò kí wọ́n gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́ àgbáyé bí àwa àti Cameroon ṣe ṣe lórí Bakassi, wọ́n ní kí àwọn jọ jẹ ẹ́ fún ọdún 45: ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún fún Nàìjíríà, 40 fún São Tomé. Ìka èèyàn ọdún 2001 fi hàn pé wọn kò tó 140,000 nígbà náà. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, kí ẹ rí ohun tí orí wọn ń rò.

Ní 2003, iléeṣẹ́ ChevronTexaco ní òun máa san 123 mílíọ̀nù dọ́là kí wọ́n lè fún òun ní Bulọ́ọ̀kù Kìn-ín-ní. Ìpín São Tomé níbẹ̀ jẹ́ bíi 49 mílíọ̀nù dọ́là, ní ìlú tí gbogbo ohun tí wọ́n ń pa wọlé lọ́dún nígbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ohun tó yẹ ká yìn wọ́n fún ni pé wọ́n ṣe òfin sílẹ̀ lọ́dún 2004, pé báǹkì ìjọba Amẹ́ríkà ní New York ni owó epo gbọ́dọ̀ máa wọ̀ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà na ọwọ́ sí i bó ṣe wù ú. Àwa tí a ti ń wa epo láti 1956 kò ní irú òfin yẹn nígbà náà. Àpótí owó ti wà nílẹ̀, owó ló kù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006, wọ́n gbẹ́ kànga tí wọ́n pè ní Obo-1. Nǹkan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ohun téèyàn ń fi ṣòwò. Ní 2009, àwọn mìíràn gbẹ́ tiwọn ní Bulọ́ọ̀kù Kejì, Ìkẹta àti Ìkẹrin, ìtàn kan náà ni. Chevron lọ. Total gba Bulọ́ọ̀kù Kìn-ín-ní, òun náà fi í sílẹ̀ ní 2013. Ní apá òkun tó jẹ́ ti São Tomé nìkan, Shell àti Galp gbẹ́ kànga Jaca-1 lọ́dún 2022, wọn kò rí èyí tó ṣeé tà. Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ṣì ń wá a kiri, epo lè jáde lọ́la. Ṣùgbọ́n ìran kan ti dàgbà níbẹ̀ tó jẹ́ pé láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wọn pé owó ń bọ̀.

Lásìkò tí wọ́n ń retí yìí, ìjẹ òní kò ṣeé sún síwájú. Epo dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń rà láti òkèèrè, pàápàá láti Àǹgólà, ni wọ́n fi ń tan ọ̀pọ̀ jù lọ iná mànàmáná wọn, nítorí náà bí epo bá ti wọ́n, òkùnkùn dé. Ẹ ò rí i pé ìlú tó ń retí epo ni epo ń fi ìyà jẹ. Omi etí èbúté olú-ìlú kò jìn, ọkọ̀ òkun ńlá kò lè sún mọ́ ọn. Á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á máa fi ọkọ̀ pẹlẹbẹ ṣẹ́ ẹrù kéékèèké wá sílẹ̀, owó ìyẹn á sì lé orí ìrẹsì àti sìmẹ́ńtì tí aráàlú ń rà. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ èbúté tó jìn ní Fernão Dias. Apá tó pọ̀ jù nínú owó tí ìjọba fi ń ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè jẹ́ ìrànlọ́wọ́ àti ẹ̀yáwó láti òkèèrè. Ìtorí ìrànlọ́wọ́ yìí wà lára ohun tó mú kí wọ́n fi Taiwan sílẹ̀ ní ìparí 2016, tí wọ́n padà sọ́dọ̀ Ṣáínà. Ní oṣù kejìlá 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yọ wọ́n kúrò nínú ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tó rẹ̀yìn jù. Oríire ni, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá ti yọ kúrò níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni àwọn àǹfààní kan máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni mo rí tí wọ́n ń gbà ràn ara wọn lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni kòkó náà. Wọ́n mọ̀ pé àwọn kò lè bá Gáná tàbí Ivory Coast du iye tọ́ọ̀nù, ni wọ́n bá gbé e gba ojúlówó. Láti nǹkan bí ọdún 2000, àjọ IFAD àti iléeṣẹ́ Kaoka ti ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké níṣẹ́ bí wọ́n ṣe lè gbin kòkó láìlo ajílẹ̀ òyìnbó àti oògùn kòkòrò, kí wọ́n sì bò ó, kí wọ́n sá a dáadáa. Àwọn àgbẹ̀ dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, CECAB lorúkọ èyí tó gbajúmọ̀ jù, iye tí wọ́n ń tà á sì ga ju kòkó lásán lọ. Ará Ítálì kan, Claudio Corallo, tó ti ń gbin kọ̀fí ní Congo tẹ́lẹ̀, tún wà níbẹ̀ tó ń sọ kòkó oko rẹ̀ ní Príncipe di ṣokoléètì níbẹ̀ gan-an, táwọn èèyàn sì ń rà á ní Yúróòpù. Nígbà tí iye tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé ní 2024, inú wọn dùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ìkórè rẹ̀ kéré, èrè rẹ̀ náà á kéré. Ní gúúsù, iléeṣẹ́ Agripalma ti gbin ọ̀pẹ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, epo pupa sì ti di ọjà ńlá tí wọ́n ń kó lọ sókè òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń dáàbò bo igbó kò dákẹ́ lórí igi tí wọ́n gé.

Ọ̀nà kejì ni àlejò. Ní 2019, kí àrùn Kòrónà tó dé, bíi 35,000 èèyàn ló lọ síbẹ̀. Ó kéré, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìlú ló yẹ kó dà bí ọjà. Oko ńlá àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní roça ni wọ́n ń sọ di ilé àlejò: ilé ọ̀gá, ilé ìwòsàn, ibi tí wọ́n ń sá kòkó, gbogbo rẹ̀ ṣì dúró, àwọn kan ti hu igi. Ní ọ̀kan nínú wọn, Roça Sundy ní Príncipe, ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Gẹ̀ẹ́sì kan, Arthur Eddington, ti ya fọ́tò ìràwọ̀ lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, 1919, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú. Òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Fọ́tò díẹ̀ tó rí yà wà lára ẹ̀rí tó sọ Albert Einstein di olókìkí káàkiri ayé. Ọkùnrin olówó ará South Africa nì, Mark Shuttleworth, tó fi owó ara rẹ̀ lọ sí ojú òfuurufú ní 2002, ló ń ná owó sí Príncipe láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. Òun ló tún Roça Sundy náà ṣe sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ní 2012, UNESCO fi Príncipe sínú ìwé àwọn ibi tí wọ́n ń dáàbò bo ẹ̀dá inú rẹ̀, ní 2025 wọ́n fi São Tomé náà kún un. Ẹyẹ tó lé ní ogún oríṣi ló wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé. Ìjàpá òkun máa ń jáde wá yé ẹyin sí etíkun lóru.

Oúnjẹ wọn kò ní í ṣàjèjì sí wa. Ẹja ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀, epo pupa, àti bẹrẹfúùtù tí àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ mọ̀ dáadáa. Ọbẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní calulu, ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi àti ẹja yíyan ni wọ́n ń fi sè é pẹ̀lú epo, iná rẹ̀ kì í yára. Ẹni tó bá ń kánjú níbẹ̀, “leve-leve” ni wọ́n máa wí fún un, ìyẹn ni pé kó rọra.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, ọ̀nà tí ẹyẹ ń gbà kọ́ ni bàálù ń gbà o. Lisbon ni ọ̀pọ̀ jù lọ àlejò ń gbà wọlé, nítorí náà kí ẹ wádìí ọ̀nà àti físà kí ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání. Èdè Potogí ni wọ́n ń sọ, ẹ má retí Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Gravana ló dára fún ẹni tó fẹ́ gun òkè. Ẹni tó fẹ́ rí ìjàpá òkun, kó lọ láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Dobra ni owó wọn, wọ́n ti so ó mọ́ yúrò láti 2010, dobra 24 àtààbọ̀ ni yúrò kan. Kò sẹ́ni tó máa bá yín ṣẹ́ ẹ tí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, nítorí náà ẹ ná èyí tó bá kù sórí ṣokoléètì kí ẹ tó wọ bàálù.